Ta Ni Atẹ́gùn Yóò Kọ́kọ́ Kí?

Àwọn àgbà a máa sọ pé owú jíjẹ kì í ṣe ti orogún nìkan. Ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó ní ìyàwó kan ṣoṣo, tó ní ṣọ́ọ̀bù, tó ní ọmọ tó ń kàwé, òun náà lè jí lówùúrọ̀ kí ó bá owú lórí ẹní. Bí ọ̀rọ̀ Àlíù oní-rédíétọ̀ ṣe rí nìyẹn, ẹni tí gbogbo ọ̀wọ́ ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́yìn Challenge, n'Íbàdàn, ń pè ní Bàbá Muslimah.

Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń jó rédíétọ̀ mọ́tò tó bá ń jò. Bí ó bá gbé e lé orúnkún, tó fi èékánná kàn án kọ́ kọ́ kọ́, yóò ti mọ ibi tí ìdọ̀tí ti dí omi lọ́nà nínú rẹ̀. Láyé ọjọ́un, mọ́tò tó bá ti hó lójú ọ̀nà Ring Road, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń tì í wá tààrà. Ṣùgbọ́n láti nǹkan bí ọdún mẹ́fà tí ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Ràṣídátù, tó ń ṣe éésì, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn tútù sínú ọkọ̀, ti gba ṣọ́ọ̀bù tó kángun sí tirẹ̀, nǹkan ti yí. Àwọn oníbàárà á ní "Ẹ kú iṣẹ́, bàbá," ẹsẹ̀ wọn kò ní dúró, wọ́n á kọjá sọ́dọ̀ ọmọ yẹn. Ẹlòmíràn á tilẹ̀ gbé ọkọ̀ dí ẹnu ọ̀nà Bàbá Muslimah kí ó lè ráyè bá Ràṣídátù sọ̀rọ̀.

Èyí tó ń dùn ún jù ni pé kò rí ẹ̀ṣẹ̀ kankan kà sí ọmọ náà lọ́rùn. Ràṣídátù ń kúnlẹ̀ kí i láràárọ̀. Bí ó bá ra búrẹ́dì, á bù fún un. Bí òjò bá fẹ́ rọ̀ tí Bàbá Muslimah kò sí nítòsí, òun ni yóò bá a kó irinṣẹ́ wọlé. Ìbá sàn kí ó jẹ́ aláfojúdi, kí ọkàn bàbá lè balẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà fara sin bẹ́ẹ̀ títí Olúdọ̀tun Ayẹni fi gbé ọkọ̀ rẹ̀ dé. Ọmọ Èkìtì ni Olúdọ̀tun, ṣùgbọ́n Bódìjà ni wọ́n bí i sí. Ìtàn ló ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nílé ẹ̀kọ́ gíga kan, àmọ́ ọkọ̀ ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ọdún mẹ́rin gbáko ló fi mọ ọkọ̀ eré-sísá kan nínú ọgbà ìyá rẹ̀: ọkọ̀ pupa, tó lọ sílẹ̀ débi pé ewúrẹ́ lè yọjú wo inú rẹ̀ láìnà ọrùn, ìjókòó méjì péré, fáíbà ló fi ṣe gbogbo ara rẹ̀. Ó ti búra pé bí iṣẹ́ bá parí, ìyá òun ni òun yóò kọ́kọ́ gbé jáde nínú rẹ̀, nítorí ìyá náà ló fara da ariwo àti eruku fún ọdún mẹ́rin. Ìyá yìí kì í sì í fara da ooru. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ìdí nìyẹn tí ó fi ní dandan ni kí éésì wà níbẹ̀.

Adéfọlárìn mẹkáníìkì, alága ọ̀wọ́ ṣọ́ọ̀bù náà, ti bá a gbé ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ sí i. Ó wá ku imú ọkọ̀.

Imú náà há. Ẹnu tí atẹ́gùn máa gbà wọlé kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ lóròó, inú ibẹ̀ náà ni wọ́n sì fẹ́ to nǹkan méjì sí: rédíétọ̀ Bàbá Muslimah, tó ń mú omi ẹ́ńjìnnì tutù, àti kọ̀ńdẹ́ńsà Ràṣídátù, ìyẹn pẹrẹsẹ alumí tí gáàsì éésì ti ń tú ooru ara rẹ̀ dànù. Ọ̀kan á wà lẹ́yìn èkejì bí ìwé méjì lórí pẹpẹ, fáànù kan ṣoṣo á sì wà lẹ́yìn wọn tí yóò máa fa atẹ́gùn gba ara àwọn méjèèjì kọjá. Èwo ni yóò wà níwájú?

"Kọ̀ńdẹ́ńsà ló ń wà níwájú, ẹ̀yin bàbá," Ràṣídátù wí, bí ẹni tó ń tọrọ iyọ̀. "Tèmi kì í fẹ́ ooru rárá. Rédíétọ̀ lágbára ní tiẹ̀, ó lè dúró lẹ́yìn kó máa gba ìyókù."

Ọ̀rọ̀ ìyókù yẹn gún Bàbá Muslimah létí.

"Ìyókù," ó tún un sọ. "Ràṣídá, ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́?"

"Méjìdínlọ́gbọ̀n, bàbá."

"Kí wọ́n tó bí ẹ ni mo ti ń jó rédíétọ̀. Bí atẹ́gùn bá ti ìta wọlé, tó bá èmi àti ìwọ lẹ́nu ọ̀nà, ta ni yóò kọ́kọ́ kí?"

Ràṣídátù wo ilẹ̀. "Ẹ̀yin ni, bàbá."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Olúdọ̀tun fi ọwọ́ ra orí. "Ṣùgbọ́n bàbá, gbogbo ọkọ̀ tí mo ti ṣí wò, ti éésì ló ń wà níwájú."

"Àwọn tó ṣe ìwọ̀nyẹn, òtútù ló ń pa wọ́n nílùú wọn. Ìbàdàn la wà yìí. Ẹ́ńjìnnì lolórí ọkọ̀, Dọ̀tun. Bí éésì bá kú, wàá làágùn. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, wàá fẹsẹ̀ rìn délé. Èwo lo fẹ́?"

"Ẹ́ńjìnnì tèmi ni bàbá ń gbà sílẹ̀ yẹn," Adéfọlárìn dá sí i, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ má bá wọn jiyàn mọ́. Níbo lẹ ti rí ọmọ tó jókòó síwájú bàbá ẹ̀ nínú mọ́tò, àfi tó bá jẹ́ òun ló ń wà á?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Olúdọ̀tun wo irùngbọ̀n funfun Bàbá Muslimah, ẹ̀kọ́ ilé dí i lẹ́nu. Ó tẹrí ba, ó ní bí bàbá bá ṣe wí náà ni. Báyìí ni wọ́n ṣe fi ọjọ́ orí to inú imú ọkọ̀. Ràṣídátù kò sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ó gbé kọ̀ńdẹ́ńsà rẹ̀ sẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá bí yóò ṣe tẹ páìpù rẹ̀ kó lè dé ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́: Bàbá Muslimah mọ̀. Ẹni tó ti tú rédíétọ̀ ọkọ̀ tí kò lóǹkà, tó sì ní láti yẹ kọ̀ńdẹ́ńsà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ tó dé ibi iṣẹ́ rẹ̀, kò lè sọ pé òun kò mọ ohun tó ń wà níwájú. Ó mọ̀. Ó kàn fẹ́ kí ohun kan wà láyé yìí tí ọmọ yẹn kò ní ṣáájú òun dé ni.

Ní Sátidé, wọ́n gbé ọkọ̀ náà jáde láti dán an wò. Nígbà tó jẹ́ ìjókòó méjì ló wà, tí Olúdọ̀tun sì ni awakọ̀, Bàbá Muslimah ni wọ́n ṣí ilẹ̀kùn kejì fún. Ó ká ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé tìrora-tìrora. Wọ́n gba Ring Road, àwọn èèyàn ń yọ fóònù láti yà wọ́n ní fọ́tò, Bàbá Muslimah sì ń ṣe bí ẹni tí kò rí wọn. Ọwọ́ gééjì tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó dúró sí àárín, kò mì. Éésì náà ń fẹ́ tútù díẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí wọ́n ń sáré.

Wọ́n dé Dùgbẹ̀, súnkẹrẹ fàkẹrẹ mú wọn. Kò pẹ́ tí nǹkan kan dún kẹ́ nísàlẹ̀, atẹ́gùn tó ń ti éésì jáde sì yí padà, ó di ti ẹnu ààrò. Rọ́bà ni gíláàsì ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà, kò ṣeé yí sílẹ̀. Òógùn bo àwọn méjèèjì.

"Tiyín mà dúró o, bàbá," Olúdọ̀tun wí, ó ń fi ọwọ́ nu iwájú orí. "Ẹ wo gééjì. Ti Àǹtí Ràṣídá ló já mi kulẹ̀. Mo rò pé iṣẹ́ wọn ju báyìí lọ."

"Ọmọdé ni," Bàbá Muslimah dáhùn. "Èèyàn á máa kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀."

Ó làágùn títí dé Challenge, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ń fẹ́ atẹ́gùn tútù.

Gbogbo ọ̀wọ́ ṣọ́ọ̀bù ló jáde wá pàdé wọn. Olúdọ̀tun sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ràṣídátù ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wo inú imú ọkọ̀, ó sì gbé ojú sókè wo Bàbá Muslimah lẹ́ẹ̀kan péré. Lẹ́yìn náà ni ó wo ilẹ̀.

"Gáàsì ni kò pé tó, ẹ̀gbọ́n," ó sọ fún Olúdọ̀tun. "Ẹ̀bi mi ni. Ẹ fún mi láyè kí n tún un wò."

Bàbá Muslimah dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Ọmọ yìí mọ ohun tó ṣe éésì rẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n, ó sì gbé e mì kí ojú má bàa ti àgbàlagbà láàárín ọjà. Nígbà tí àwọn tó kù ti túká lọ, Bàbá Muslimah bẹ̀rẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ àlàfo tó wà láàárín rédíétọ̀ àti kọ̀ńdẹ́ńsà. Ó yára fà á yọ. Gbogbo ooru tí rédíétọ̀ òun gbé kúrò lára ẹ́ńjìnnì, orí ọmọ ọlọ́mọ ló ń dà á lé. Ìyẹn nìkan kọ́ ló dùn ún. Títí kan ìwà, ọmọ yẹn tún ṣáájú rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́rin ni Ràṣídátù fi bá ohun tí kò bàjẹ́ jà. Ó tú gáàsì dànù, ó tún un rọ. Ó yọ kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ tó ń ti gáàsì kiri, èyí tó dára, ó fi òmíràn tó dára rọ́pò rẹ̀. Èékánná rẹ̀ méjì ṣẹ́. Àwọn tó jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọra sọ pé obìnrin náà ni obìnrin ń jẹ́, ibi tí agbára rẹ̀ mọ nìyẹn. Bàbá Muslimah gbọ́ ọ láti ibi tó jókòó sí. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí etí rẹ̀ ti ń dúró de irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó wá dé, kò dùn tó bí ó ṣe rò.

Nílé, ní Wẹ́sìdé, Muslimah gbé oúnjẹ wá fún un.

"Bàbá, wọ́n ní éésì tí Àǹtí Ràṣídá ṣe kò ṣiṣẹ́," ọmọ náà wí. "Mo bi Àǹtí fúnra wọn léèrè, wọ́n ní àwọn ni àwọn ò ṣe é dáadáa. Kò jọ wọ́n."

"Kí lo mọ̀ nípa éésì?"

"Mo mọ̀ wọ́n, bàbá. Wọn kì í ṣe nǹkan lábọ̀."

Bàbá Muslimah ti àwo sẹ́yìn. Ọmọ rẹ̀ bi í léèrè ìdí tí kò fi jẹun.

"Ó gbóná," ó ní.

Ní Tọ́sìdé, Olúdọ̀tun dé, kò sì lè wo ojú Ràṣídátù. Ó ní òun ti bá ọkùnrin kan sọ̀rọ̀ ní Èkó tó máa wá lọ́la, tí yóò tú gbogbo iṣẹ́ éésì náà tí yóò sì ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀. "Ẹ má bínú, Àǹtí Ràṣídá. Ọjọ́ tí mo dá fún màmá mi ló ti ń sún mọ́."

"Kò sí wàhálà, ẹ̀gbọ́n," Ràṣídátù wí.

Kò sí ẹni tó wà níbẹ̀ tí kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá ti Èkó wá tú iṣẹ́ ọwọ́ èèyàn ní Challenge, tí gbogbo ọ̀wọ́ dúró tí wọ́n ń wò ó, ẹni náà kò ní oníbàárà mọ́ níbẹ̀. Ràṣídátù mú sípánà, ó kúnlẹ̀ síwájú ọkọ̀, ó fẹ́ fúnra rẹ̀ tú ẹrù rẹ̀ kí àjèjì má bàa fọwọ́ kàn án.

Bàbá Muslimah ń wò ó láti orí bẹ́ǹṣì. Kò sí ohun tó ní láti ṣe ju kí ó dákẹ́ lọ. Bí ó bá dákẹ́ títí di ọ̀la, ṣọ́ọ̀bù kejì yẹn á dá páropáro, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ á tún là, wọ́n á tún máa dúró lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó rí i lójú inú bí yóò ṣe rí. Ó rí bí Ràṣídátù yóò ṣe kó ẹrù sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, tí yóò sì tún kúnlẹ̀ dágbére fún un. Ìkúnlẹ̀ yẹn ni kò lè gbà.

"Ràṣídá, fi sípánà yẹn sílẹ̀."

Ó gbójú sókè. "Bàbá?"

"Mo ní kí o fi í sílẹ̀. Dọ̀tun, pe ará Èkó ẹ, sọ fún un kó jókòó sílé. Kò sí nǹkan tó ṣe éésì ọmọ yìí. Tèmi tó wà níwájú ló ń fi ooru jó o."

Adéfọlárìn, tó ń jẹ ẹ̀pà, dáwọ́ dúró. "Bàbá Muslimah, bí ẹ ṣe wí kọ́ nìyẹn lọ́jọ́sí. Ẹ ní nítorí ẹ́ńjìnnì ni."

"Lọ́jọ́sí, mo fẹ́ iwájú ni."

Ó sọ ọ́ kúkúrú báyìí, ó sì wọ inú ṣọ́ọ̀bù lọ mú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa rí ojú rẹ̀. Olúdọ̀tun yọ fóònù, ó rìn jìnnà díẹ̀, ó pe Èkó.

Láàárọ̀ Jímọ̀, wọ́n tún un tò. Kọ̀ńdẹ́ńsà bọ́ síwájú, rédíétọ̀ lọ sẹ́yìn. Wọ́n tan ọkọ̀ lójú kan. Éésì tutù. Ṣùgbọ́n ọwọ́ gééjì kọjá àárín, ó ń gòkè lọ bí ẹni tó ń pọ́n òkè Mápó. Adéfọlárìn yára pa á, ó ní òun kò ní jẹ́ kí wọ́n se ẹ́ńjìnnì òun bí ẹ̀wà. Nǹkan kan fò sókè nínú Bàbá Muslimah, ayọ̀ ni, ó sì tijú rẹ̀: ṣé ẹ wá rí ohun tí àgbà ń sọ?

Ràṣídátù bẹ̀rẹ̀ wo imú ọkọ̀ náà. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó mú òwú wúlù pupa jáde, irú èyí tí wọ́n fi ń hun fìlà ọmọ ọwọ́. Ó gé e kéékèèké, ó fi téèpù lẹ̀ wọ́n mọ́ etí rédíétọ̀ yíká.

"Ẹ ti ń dirun fún mọ́tò báyìí," Adéfọlárìn wí. "Ẹ rántí fi bíìdì sí i."

Wọ́n tún tan ọkọ̀. Ó yẹ kí gbogbo òwú náà kọrí sẹ́yìn, síbi tí fáànù ti ń fa atẹ́gùn. Àwọn tó wà láàárín ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, níbi tí àlàfo wà láàárín rédíétọ̀ àti ara ọkọ̀, iwájú ni wọ́n ń nà sí.

"Ẹ wo ibí, bàbá," Ràṣídátù wí, ó fi ìka tọ́ ọ. "Ooru tí fáànù ti sìn jáde tún ń gba ẹ̀gbẹ́ padà wá síwájú."

"Bí àlejò tí wọ́n sìn dé títì," Bàbá Muslimah wí, "tó wá gba ẹ̀yìnkùlé wọlé padà." Ó tẹ̀ síwájú, ó ti gbàgbé pé òun ń bínú. "Ọ̀lẹ ni atẹ́gùn. Ibi tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn ló ń gbà. Ẹ jẹ́ ká dínà mọ́ ọn."

Iṣẹ́ tirẹ̀ nìyẹn, kò sì sí ẹni tó lè bá a dù ú. Ó mú páànù pẹlẹbẹ, ó fi okùn wọn àlàfo kọ̀ọ̀kan, ó gé e, ó tẹ̀ ẹ́ bá kọ̀rọ̀ imú ọkọ̀ náà mu, ó fi rọ́bà bo etí rẹ̀ kó má máa dún. Òkè, ìsàlẹ̀, ọ̀tún, òsì, kò fi ibi tí èèrà lè gbà sílẹ̀. Ràṣídátù ń bá a di ìmọ́lẹ̀ fóònù mú, kò sì sọ ju "Ó ku ibí, bàbá" lọ. Kí wọ́n tó pe ìrun Jímọ̀, ó ti parí. Wọ́n tan ọkọ̀, gbogbo òwú pupa kọrí sẹ́yìn ní ìṣọ̀kan.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n fẹ́ gbé e lọ Dùgbẹ̀ padà, sínú súnkẹrẹ fàkẹrẹ kan náà. Olúdọ̀tun ṣí ilẹ̀kùn kejì, ó ń dúró de Bàbá Muslimah.

"Ràṣídá ni kó wọlé," bàbá wí. "Éésì la fẹ́ gbọ́."

Ràṣídátù ní rárá, kò bójú mu. Bàbá Muslimah ní ṣé ó fẹ́ kí àwọn àgbà bẹ òun ni. Ó wọlé. Ọkọ̀ pupa náà kùn, ó yọ sí títì, àwọn tó wà lójú ọ̀nà sì tún yọ fóònù láti yà á. Lọ́tẹ̀ yìí, ojú Ràṣídátù ni wọ́n ń yà.

Bàbá Muslimah jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ó mú tẹ̀sùbáà, ìka rẹ̀ ń sún un, àmọ́ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi tẹ̀sùbáà sọ. Ó ń bẹ Ọlọ́run pé kí ọkọ̀ náà hó ní Dùgbẹ̀. Kí ó hó, kí ooru omi bo ojú wọn, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé ẹ̀yìn kọ́ ni ipò òun. Ó sún ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, ni ó bá rántí pé rédíétọ̀ òun ni yóò hó, iṣẹ́ ọwọ́ òun ni, páànù òun ni, orúkọ òun ni. Ó yí àdúrà náà padà kíákíá. Kí ó má hó o. Lẹ́yìn náà ni ó tún rí ojú Ràṣídátù nínú ọkọ̀ lójú ìrántí, àdúrà àkọ́kọ́ sì tún yọ́ wọlé padà.

Wákàtí kan kọjá. Adéfọlárìn wá jókòó tì í, ó fún un ní ẹ̀pà. Kò gbà á.

Ọkọ̀ náà dé. Bàbá Muslimah ti dìde kó tó mọ̀, ojú rẹ̀ wà lára imú ọkọ̀, ó ń wá èéfín. Kò sí. Òjò kò rọ̀, ṣùgbọ́n ìrì ti bo ara gíláàsì ọkọ̀ níta. Olúdọ̀tun fò jáde, ó ń sọ fún tọmọdé tàgbà pé òtútù fẹ́ẹ̀ pa òun ní Dùgbẹ̀, pé Àǹtí Ràṣídá kì í ṣe ẹgbẹ́ ará Èkó kankan. Àwọn èèyàn yí wọn ká. Ẹnikẹ́ni kò béèrè bí ẹ́ńjìnnì ṣe ṣe.

Ràṣídátù gba àárín wọn jáde. Ó wá síwájú bẹ́ǹṣì, ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, èmi ni mo ń wo gééjì yín. Láti Ring Road títí dé Dùgbẹ̀, kò kúrò lójú kan."

"Mo ti mọ̀ pé kò ní kúrò," Bàbá Muslimah wí. "Dìde nílẹ̀ eléruku yẹn."

Irọ́ ló pa. Kò mọ nǹkan kan. Ó wo Ràṣídátù bí ó ṣe ń padà sáàárín àwọn tó ń yìn ín, inú rẹ̀ dùn pé ẹnì kan wo iṣẹ́ òun, ó sì ń ta á lára pé ọmọ yẹn nìkan ló wò ó.